Kọ̀ǹpútà Tó Ń Ṣọ́ Wáyà Ọdẹ́dá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé, tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni ẹ máa ṣe, mo kí yín. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ mọ̀ pé mo lè jókòó ti wáyà láti àárọ̀ di ọ̀sán kí n má sọ ju "ẹ bá mi di ibí mú" lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo ṣe yìí, ara mi á máa gbóná, ọwọ́ mi á máa wá ohun tí yóò dì mú. Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an, ibi tí mo ti ṣe é dáadáa àti ibi tí mo ti bà á jẹ́.

Iṣẹ́ wáyà ni mo ṣe. Tẹlifóònù la fi bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà la fi parí.

Mo jáde ilé ìwé girama nígbà tí Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ọ́fíìsì ń hù káàkiri ìlú bí olú, kò sì sí èyí tí kò fẹ́ tẹlifóònù lórí tábìlì. Ìyá mi fẹ́ kí n ṣe nọ́ọ̀sì, mo sì ti gba fọ́ọ̀mù. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo lọ gba ìwé ẹ̀rí mi, mo bá ọkùnrin kúkúrú kan ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé wa, tó wá tún tẹlifóònù ṣe. Ó gbé agbọ́hùn sétí, ó dijú, ó ní, "Omi ti wọ wáyà yìí. Kò jìnnà. Ẹ wò ó lẹ́yìn ilé ìdáná."

Wọ́n wò ó lẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni omi ti ń kán sí i lóòótọ́.

Mo dúró bí igi. Ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì, tó ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná! Mo tẹ̀lé e dé ẹnu géètì, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́ mi."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé o lè gun òpó?"

"Mo lè gun mángòrò, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò tún rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ mọ́ fún bí oṣù mẹ́fà.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, ìyá mi káwọ́ lérí. "Títí, ìwọ fẹ́ gun òpó? Nínú síkẹ́ẹ̀tì?"

"Ṣòkòtò ni máa wọ̀, Màámi."

"Ọlọ́run mi ò!" Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló rán ṣòkòtò náà fún mi, ó sì fi àpò mẹ́rin sí i, ó ní irinṣẹ́ kì í gbé inú àpò kan. Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin kúkúrú náà, Ọ̀gá Lásún, nìyẹn. Iye tí a san àti iye ọdún tí a jọ fọwọ́ sí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òwu, yàrá méjì tó kún fún òkú tẹlifóònù dé òrùlé. Ọ̀gá Lásún ti bá ìjọba ṣe iṣẹ́ wáyà rí kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún kìíní, n kò fọwọ́ kan tẹlifóònù rárá. Wáyà ni mo ń bó. Mo ń ka àwọ̀ wọn bí ẹni ń ka Orin Dáfídì: búlúù, ọsàn, àwọ̀ ewé, búráùn, eérú. Á ní kí n dijú kà wọ́n, kí n ka àwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èkejì rẹ̀. Bí mo bá ṣi ọ̀kan, mo tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà tí kò dán, á fi ìka gbọ̀n ọ́n, yóò já bọ́, á sì yí padà lọ sí ìdí iṣẹ́ tirẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn kó bú mi ju ìdákẹ́ yẹn lọ.

Etí ni irinṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kọ́ mi pé wáyà tí omi wọ̀ a máa dún bí ẹni ń dín àkàrà. Èyí tó kan èkejì rẹ̀ lára a máa kùn bí oyin. Èyí tó já pátápátá a máa dákẹ́ bí kànga tí ó gbẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi etí ara mi mọ̀ pé "àkàrà" ni mo ń gbọ́, mo kígbe nínú ọ́fíìsì lọ́yà kan débi pé akọ̀wé rẹ̀ da tíì sílẹ̀.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá Lásún fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé lórí. Bí a bá ti so tẹlifóònù tán, tí ó ti ń dún, tí oníbàárà ti ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ti ń gbé mínírà bọ̀ fún wa, ó máa ní kí n lọ já wáyà náà. Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wákàtí mẹ́ta so! Á ní kí a wò ó bóyá yóò kú bó ṣe yẹ kó kú, bóyá iná ìkìlọ̀ máa tàn, bóyá kì í ṣe wáyà ẹlòmíràn ló ń gbé e ró. Lẹ́yìn náà ni kí n tún un so.

"Títí," á ní, "ohun tí o kò tíì já, má ṣe búra pé o so ó."

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fò ó nígbà ìkọ́ṣẹ́ mi, ní ilé dókítà kan, nítorí ebi ń pa mí, òórùn láfún sì ń ti ilé ìdáná bọ̀. Ọ̀gá Lásún mú ẹ̀mú, ó gé gbogbo wáyà tí mo so, ọ̀kọ̀ọ̀kan, níwájú ìyàwó dókítà. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, a ò tíì ṣe tán." N kò jẹ láfún ọjọ́ náà.

Mo gba fírídọ̀ọ̀mù, ṣùgbọ́n n kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Irinṣẹ́ ń yí padà lójú wa. Lákọ̀ọ́kọ́, bùzà àti gílóòbù kékeré la fi ń dán wáyà wò. Lẹ́yìn náà ni mítà tó ní ọwọ́ bíi ti aago dé, lẹ́yìn rẹ̀ mítà tó ń fi nọ́ńbà hàn. Gbogbo wọn ni mo fẹ́ràn. Ọ̀gá Lásún a kàn máa wò wọ́n láti òkè gíláàsì rẹ̀. Ó gba mítà mọ́ra, ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta, ó tẹ etí mọ́ ọn ní ọ́fíìsì oníbàárà wa kan, ó ní, "Kò sọ nǹkan kan. Ohun tí kò sọ̀rọ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá ń purọ́?" A rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, pátákó kan wà tó ní orúkọ rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ náà, ó fi àyè òfìfo sílẹ̀. Mo bi í léèrè nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ẹni tí mo bá lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ni orúkọ rẹ̀ máa wà níbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, n kò kọ orúkọ ìkankan síbẹ̀. N kò tíì rí i." Láti ọjọ́ náà, n kò lè wọ ṣọ́ọ̀bù láìwo àyè yẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a wọ àwọn ọdún àádọ́rùn-ún ni Ọ̀gá Lásún rán mi lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ méjì, láti kọ́ bí a ti ń fi ètò ìṣọ́wáyà sínú kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Bí mo ṣe dé ló sọ fún mi pé Àlàájà Síkírá ti ránṣẹ́ pè wá. "Iṣẹ́ tìrẹ nìyí," ni ó wí. "N kò ní bá ọ lọ. Bí o bá ṣe é tán, tí ó dúró, a jọ máa sọ̀rọ̀ pátákó."

Mo fò sókè. Ọmọ ọdún mélòó ni mí nígbà náà? Ẹ má bi mí. Mo fò sókè ṣáá.

Àlàájà Síkírá jẹ́ ọmọ ilé oníṣòwò ní Òwu, obìnrin tí ara rẹ̀ yá bí iná. Adìẹ ni òwò rẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Òwu, oko adìẹ rẹ̀ wà ní Owódé, ilé ìsàba rẹ̀ sì wà ní Ọdẹ́dá. Nínú ilé ìsàba yìí, ẹ̀rọ ńlá méjì ló ń bá adìẹ sàba lé ẹyin títí yóò fi pa. Jẹnẹrétọ̀ ló ń fún àwọn ẹ̀rọ náà ní ooru. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọṣẹ́, òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹyin.

Wáyà kan lọ tààrà láti Òwu sí Owódé, òmíràn lọ tààrà sí Ọdẹ́dá. Bí jẹnẹrétọ̀ bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, Múfú tó ń ṣọ́ ilé ìsàba á pe Òwu, wọn á sì gbé mẹkáníìkì sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí wáyà fúnra rẹ̀ bá kú ńkọ́? Múfú á máa pè lásán, Òwu á sì rò pé àlàáfíà ni. Nítorí èyí ni Àlàájà ṣe ń rán dírẹ́bà lọ sí Ọdẹ́dá láràárọ̀, kó lọ fi ojú rí i.

"Ó ti sú mi," Àlàájà wí fún mi. "Mo fẹ́ ohun tí yóò máa bá mi ṣọ́ wáyà wọ̀nyí, tí kò ní sùn, tí kò sì ní yà jẹun lọ́nà bíi dírẹ́bà mi yìí."

"Àlàájà, mo ń gbọ́ o," dírẹ́bà náà dáhùn láti ìta.

"Kí o lè gbọ́ ni mo ṣe sọ ọ́!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́. Ihò méjì wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà. Mo so wáyà Owódé mọ́ ihò kìíní, mo so ti Ọdẹ́dá mọ́ ihò kejì, pẹ̀lú àpótí kékeré láàárín tó ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ìró tí wáyà tẹlifóònù lè gbé. Mo ti lọ gbé àpótí mìíràn sí oko kọ̀ọ̀kan láti máa dáhùn. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kọ̀ǹpútà á pe oko pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Àpótí oko á ní, "Mo wà." Bí kò bá sí ìdáhùn, kọ̀ǹpútà á figbe ta.

Ètò náà wà nínú díìsìkì méjì, dúdú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ díẹ̀. Láti Èkó, orí itan mi ni mo gbé wọn lé láàárín ìwé méjì, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ mi nínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, Àlàájà ti pe àlejò. Ọ́fíìsì kún. Mo ti díìsìkì kìíní bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ. Ó ní kí n fi ìkejì sí i. Mo fi sí i. Ó wá ń bi mí ní ìbéèrè. Wáyà mélòó? Méjì. Orúkọ ìkíní? Mo tẹ Owódé. Ihò wo ló wà? Ó ti fúnra rẹ̀ kọ nọ́ńbà síbẹ̀, ó ní bí ó bá tọ́, kí n tẹ bọ́tìnnì ńlá. Mo tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ìkejì? Ọdẹ́dá. Ihò wo? Ó tún ti kọ nọ́ńbà síbẹ̀. Lẹ́yìn mi, Àlàájà ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Ẹ sún mọ́ ọn! Ọmọ Ẹ̀gbá ló ń ṣe é o, kì í ṣe òyìnbó!" Inú mi ń dùn, ìka mi ń jó. Mo tẹ bọ́tìnnì ńlá.

Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Lẹ́yìn náà, ìlà lẹ́tà aláwọ̀ ewé méjì tàn yọ. Èdè òyìnbó ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé: Owódé, ó wà. Ọdẹ́dá, ó wà.

Ìró ayọ̀ tó sọ níbẹ̀! Mo ti so wáyà fún bí ọdún mẹ́wàá, n kò rí ibi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi rí. Àlàájà gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa gbé tiwa. "Ọlọ́run má jẹ́ kí wáyà yìí já o."

"Àmín!"

"Kò ní kú, kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

"Àmín!"

Bí àmín ìkẹyìn ti ń lọ, mo nawọ́ sí okùn Ọdẹ́dá lẹ́yìn kọ̀ǹpútà láti fà á yọ, bí ọ̀gá mi ti kọ́ mi. Àlàájà di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Títí, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ já a wò ni, mà."

"Já kí ni? Àdúrà pé kò ní já, àmín ò tíì kúrò lẹ́nu wa, ìwọ fẹ́ já a? Lójú àwọn àlejò mi?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, ẹnu kì í ṣe àdúrà kí ọwọ́ ṣe òdì rẹ̀."

Ẹ̀yin tí a bí nílẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ já àdúrà. Mo fi okùn sílẹ̀. Mo lè padà wá lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, kí n já a. N kò padà. Ìdùnnú kò jẹ́.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá Lásún ò béèrè nǹkan mìíràn. "Ṣé o já a?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà."

"N kò bi ọ́ bóyá ó ń ṣiṣẹ́." Ṣùgbọ́n oníbàárà kan wọlé ní ìṣẹ́jú náà, mo sì sáré lọ dá a lóhùn. Oníbàárà náà ló gbà mí sílẹ̀, mo sì dúpẹ́ nínú mi. Ẹ wo irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni Àlàájà ti dá ìrìn dírẹ́bà sí Ọdẹ́dá dúró. Kí ló tún ń lọ wò? Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹjọ, mo yà sí ọ́fíìsì Àlàájà ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Kí n má purọ́, mo fẹ́ lọ wo lẹ́tà mi ni. Àsìkò ọyẹ́ ni, eruku bo ojú ọ̀nà. Àlàájà ń fi kọ̀ǹpútà náà han aládùúgbò rẹ̀ kan, ó ní, "Láti ìgbà tí ó ti dé, mi ò sùn ní ìdajì ojú mọ́. Wò ó: Ọdẹ́dá, ó wà."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà tí Múfú fi wọlé. Eruku dé orúnkún rẹ̀, èémí rẹ̀ ń ṣe họ̀ọ̀ họ̀ọ̀.

"Àlàájà! Ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni? Láti ìdájí ni mo ti ń pè yín! Jẹnẹrétọ̀ ti kú!"

"Ìwọ Múfú, ta lo pè? Tẹlifóònù yìí ò dún rárá."

"Mo pè, mo pè, mo pè, ó dákẹ́ bí kànga. Mo fẹsẹ̀ rìn dé títì kí n tó rí ọkọ̀."

Gbogbo wa yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ọdẹ́dá, ó wà. Ó ń tàn lójú wa, aláwọ̀ ewé, láìmì rárá.

Mo lọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mo fa okùn Owódé yọ. Mo dúró títí ó fi tó àkókò láti pè. Ó pariwo. Owódé, kò sí. Ọdẹ́dá náà, kò sí. Àwọn méjèèjì lọ pọ̀.

Ìgbà náà ni mo rí ohun tí mo ṣe. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kọ síbẹ̀ nígbà kejì, ihò kìíní náà ni. N kò kà á. Láti ọjọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń pe Owódé, tó ń fi orúkọ Ọdẹ́dá pe ẹ̀kejì. Kò béèrè Ọdẹ́dá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ká ní mo fa okùn Ọdẹ́dá yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ì bá ṣì máa sọ pé ó wà, irọ́ rẹ̀ ì bá sì hàn lójú kan náà.

"Àlàájà, èmi ni mo ṣì í," mo wí. "Ẹ̀rọ yẹn ò ṣọ́ Ọdẹ́dá rí. Èmi ni."

Ó wò mí. Kò bú mi. Ó ké sí dírẹ́bà. "Gbé mẹkáníìkì! Kíá!"

Mo fi okùn Owódé padà sí ihò rẹ̀, mo yí nọ́ńbà Ọdẹ́dá sí ihò kejì. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà bú sí igbe fún wáyà Ọdẹ́dá fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo sọ fún akọ̀wé Àlàájà pé kó má kúrò nídìí rẹ̀, mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo fò sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú Múfú, Àlàájà sì wà níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà. Eruku ọ̀nà Ọdẹ́dá wọ̀ mí lẹ́nu títí dé ọ̀fun. Gbogbo ohun tí mo ń rò ni ẹyin, ẹyin, ẹyin. Àyè òfìfo lórí pátákó náà kọjá lójú mi lẹ́ẹ̀kan, mo lé e lọ.

Nígbà tí a dé ilé ìsàba, èéfín ń jáde lójú fèrèsé. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyin ti gbé ìkòkò eèédú wọlé, wọ́n ti tú ìró wọn bo àwọn ẹ̀rọ náà kí ooru má bàa jáde. Tòbí àti búláòsì ló kù sí wọn lára. Múfú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bojú.

"Mo ti dijú o! Báwo ni ooru rẹ̀?"

"Wọlé jàre, kò sẹ́ni tó ń wò ọ́!" ọ̀kan nínú wọn fèsì. "Ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ rí tòbí láyé ni?"

Bẹ́líìtì jẹnẹrétọ̀ ló já. Mẹkáníìkì dojú kọ ọ́. Èmi sáré tọ wáyà. Wọ́n ti ń sun igbó ládùúgbò, iná náà sì ti ran òpó tó wọ inú oko, èyí tí àwa fúnra wa rì mọ́lẹ̀. Ó ti jó láti ìdí, ó dùbúlẹ̀, wáyà ti já sí méjì. Kò sí òpó mìíràn. Ṣùgbọ́n igi mángòrò ńlá kan wà níbẹ̀ tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo gun mángòrò.

Mo fi okùn so wáyà mọ́ ẹ̀ka, mo bó o, mo lọ́ ọ pọ̀, búlúù mọ́ búlúù, funfun mọ́ funfun, èèrà ń jẹ mí lọ́rùn, n kò yà á sí. Bí mo ṣe ń fi téèpù wé e, mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó bú ramúramù. Àwọn obìnrin hó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, tẹlifóònù ilé ìsàba dún! Múfú gbé e. Akọ̀wé láti Òwu ni. Ó ní kọ̀ǹpútà ti dákẹ́ igbe, ó ní Ọdẹ́dá wà.

Mo kígbe láti orí igi: "Múfú, sọ fún un kó dúró! Fa okùn àpótí yẹn yọ!"

"Ẹ̀yin náà ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó!"

"Fà á yọ!"

Ó fà á yọ. A dúró. Akọ̀wé kígbe nínú agbọ́hùn débi pé mo gbọ́ ọ lókè igi: "Ó ń pariwo o!" Mo ní kó tún un fi sí i. Orí ẹ̀ka yẹn ni mo ti sunkún, omijé ayọ̀ àti ti ìtìjú pọ̀.

Àlàájà mú ẹyin kan wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí ìdí rẹ̀. Iṣan pupa hàn bí gbòǹgbò, nǹkan dúdú kékeré kan sì mì láàárín wọn. "Ó ń yí!" ni ó wí. Ó mú òmíràn. Ó ń yí. Ṣùgbọ́n àwọn àwo tó wà létí ilẹ̀kùn, níbi tí òtútù ti ń wọlé, ìkankan kò mì níbẹ̀. Nígbà tó tó àkókò tí ẹyin ń pa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìyókù ló pa, ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kò pa ọ̀kan. Mo lọ fojú rí i. Mo kà wọ́n pé tèmi ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àlàájà fúnra rẹ̀ bá mi dé ṣọ́ọ̀bù. Mo rò fún Ọ̀gá Lásún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má bá a wí jù," Àlàájà wí. "Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú."

"Ìṣẹ́jú kan lẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, Àlàájà," Ọ̀gá Lásún dáhùn. "Ọjọ́ mẹ́jọ ló ní lẹ́yìn ìyẹn." Ó nawọ́ sí ìdì wáyà tó wà ní kọ̀rọ̀. Kò bú mi. "Máa bó."

Èmi tí mo ti gba fírídọ̀ọ̀mù tipẹ́, mo jókòó sórí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó wáyà bí ọmọ ọdún kìíní. Mo bó o fún oṣù kan. Kò dárúkọ pátákó mọ́, èmi náà ò béèrè.

Oṣù mélòó kan kọjá. Àlàájà ṣí ilé ìtajà sí Kútọ̀, ó ní kí wáyà rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà náà. Mo rò pé ẹlòmíràn ni yóò pè. Èmi ló pè. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gá Lásún bá mi lọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Àwọn àlejò tún kún. Mo tẹ orúkọ. Mo ka nọ́ńbà ihò sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tẹ bọ́tìnnì ńlá. Ìlà kẹta tàn yọ. Kútọ̀, ó wà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnìkan sì ti ní, "Àlàájà, ẹ gbàdúrà fún wa."

Àlàájà gbé ọwọ́ sókè. Ó dúró. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó wá sẹ́yìn kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi, ó ní, "Èwo ni ti Kútọ̀?" Mo fi hàn án. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á yọ, tòun ti wúrà tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn àlejò wo ara wọn. A dúró. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà figbe ta: Kútọ̀, kò sí! Owódé àti Ọdẹ́dá dúró gbọnin.

"Ó mọ̀ ọ́n!" Àlàájà pariwo bí ọmọdé. Ó ti okùn náà bọ̀ ọ́ padà. Ìgbà náà ló tó gbé ọwọ́ sókè. "Ọlọ́run, bó bá pẹ́ títí, wáyà á já. Ọjọ́ tó bá já, má jẹ́ kó fi pamọ́ fún wa."

Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, àmín tèmi ló ròkè jù.

Nígbà tí mo kó irinṣẹ́ mi tán, Ọ̀gá Lásún ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń fi etí ẹ̀wù nù ún. Ọdún bíi mọ́kànlá la ti jọ wà, "Títí" nìkan ni ó máa ń pè mí.

"Títí," ó ní, "kí ni orúkọ rẹ ní kíkún? Ẹni tó ń kọ pátákó ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, n kò sì fẹ́ kó ṣì í kọ."